Àyẹ̀wò Wàrà ní Ìlú Ọba: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Àgbẹ̀ Kókó

Àwọn àgbà sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí fún ẹ̀yin àgbẹ̀ kókó tí ẹ lè kàwé, kí ẹ lè mọ ìyà tí ó jẹ àwọn ará Ìlú Ọba nípa wàrà màlúù, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà bọ́ nínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti gbé kókó lọ sí ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n mọ ohun tí àyẹ̀wò jẹ́. Ẹni tí ń yẹ kókó wò a bu èso díẹ̀ nínú àpò, a fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì, a sì wo inú wọn bóyá wọ́n ti bu, tàbí kòkòrò ti jẹ wọ́n, tàbí a kò bò wọ́n tó kí a tó sá wọn. Inú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í dùn sí i. Wọn a máa bi ara wọn pé, kí ni ẹni tí kò bá wa ro oko ń wá nínú àpò wa? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí lára ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin màlúù ní Ìlú Ọba nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí yẹ wàrà wọn wò. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

1. OHUN TÍ OJÚ KÒ RÍ NÍNÚ WÀRÀ

Wàrà jẹ́ oúnjẹ tí ó dára púpọ̀ fún ọmọdé àti fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó ti dára fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó dára fún àwọn kòkòrò àrùn, tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Bí wọ́n bá bọ́ sínú wàrà tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn a bí sí i kíákíá. Wọ́n lè ti ọmú màlúù tí ó ní egbò wá, tàbí láti ọwọ́ ẹni tí ń fún wàrà, tàbí láti inú garawa tí a kò fọ̀ mọ́, tàbí láti inú omi tí a fi ṣan garawa náà.

Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màlúù. Màlúù tí ó ní àrùn náà lè sanra, kí irun ara rẹ̀ máa dán, kí ó sì máa fún olówó rẹ̀ ní wàrà púpọ̀. Síbẹ̀ ikú lè wà nínú wàrà náà. Ọmọdé tí ó bá mu ún lè ní kókó ńláńlá ní ọrùn, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè wọ́, tàbí kí àrùn náà wọ orí rẹ̀ lọ kí ó sì pa á.

Ní ọdún 1901, ní ìpàdé ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Koch, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó fi kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn fún aráyé ní 1882, sọ pé àrùn ti màlúù kò lè ṣe ènìyàn ní ibi kan tí ó tó nǹkan. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni Koch, ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fi ẹnu ẹnì kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀ tí ó kan ẹ̀mí ọmọdé. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí rẹ̀. Ìwádìí náà gbà wọ́n ní ọdún mẹ́wàá. Ní 1911 ìgbìmọ̀ náà sì sọ ọ́ gbangba pé àrùn náà ń ti inú wàrà màlúù wọ ara ènìyàn, pàápàá jù lọ ara àwọn ọmọdé.

Ní 1934, ìgbìmọ̀ mìíràn tí Sir Frederick Gowland Hopkins jẹ́ alága rẹ̀ wí pé nínú 100 abo màlúù tí a ń fún wàrà wọn ní ilẹ̀ náà, kò dín ní 40 tí ó ti kó àrùn ọ̀hún. Ní àkókò náà, a ṣírò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó ti ara màlúù wá ń pa ènìyàn tí ó ju 2,000 lọ lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ọmọdé.

2. ÌDÍ TÍ ÌRÀNLỌ́WỌ́ FI PẸ́

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé kò sí oògùn rẹ̀ ni? Ó wà. Láti nǹkan bí 1864 ni Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi hàn pé bí a bá mú kí ọtí wáìnì gbóná níwọ̀nba, láìjẹ́ kí ó hó, àwọn kòkòrò tí ń bà á jẹ́ yóò kú. Nígbà tí ó yá, a lo ọgbọ́n yìí fún wàrà. A ó mú un gbóná dé ìwọ̀n 145 ti Fahrenheit, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Tàbí kí a mú un dé nǹkan bí 161 fún ìṣẹ́jú àáyá 15 péré. Lẹ́yìn náà a ó mú un tutù kíákíá. Ẹ rántí pé omi kì í hó títí yóò fi dé 212. Nítorí náà wàrà tí a ṣe báyìí kò jóná, adùn rẹ̀ kò sì yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ inú rẹ̀ ti kú.

Bí ìmọ̀ bá wà, tí oògùn sì wà, kí ni ó dá iṣẹ́ náà dúró? Èkíní, àwọn tí ń sin màlúù díẹ̀ tí wọ́n sì ń kiri wàrà fúnra wọn wí pé àwọn kò ní owó láti ra ẹ̀rọ tí a fi ń mú wàrà gbóná, àti pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yóò gba òwò mọ́ àwọn lọ́wọ́. Èkejì, àwọn kan gbàgbọ́ pé iná ń pa agbára inú wàrà. Ẹ̀kẹta, àwọn kan rò pé òfin yóò mú kí àwọn àgbẹ̀ ọ̀lẹ máa ta wàrà ìdọ̀tí, nígbà tí wọ́n bá mọ̀ pé iná yóò bò wọ́n láṣìírí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbàlagbà ti ń jiyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń kú.

Ní 1936, ibà jẹ̀funjẹ̀fun bẹ́ sílẹ̀ ní Bournemouth àti ní Poole, àwọn ìlú létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀, a rí i pé inú wàrà tí a kò mú gbóná ni ó ti wá. Oníṣòwò wàrà kan a máa da wàrà ọ̀pọ̀ oko pọ̀ sójú kan. Àrùn tí ó wọlé láti ibì kan sì tàn dé ilé gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní 1938, ìjọba gbé àbá òfin wá sí Ilé Aṣòfin láti mú ọ̀rọ̀ wàrà tọ́, ṣùgbọ́n àtakò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni ogun dé. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

3. OHUN TÍ ÒFIN ṢE LẸ́YÌN OGUN

Nígbà tí ogun 1939 sí 1945 parí, ìjọba fẹ́ kí gbogbo ọmọdé ní ara líle. Láti 1946 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní wàrà lọ́fẹ̀ẹ́, ìdá kan nínú mẹ́ta páìntì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ìjọba tí ó bá sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wàrà fún ọmọ ọlọ́mọ kò lè sọ pé kò kan òun bí wàrà náà bá jẹ́ májèlé.

Àwọn òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1949. Ṣáájú èyí, ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe àkóso àwọn oko wàrà tí ó wà ní àgbègbè rẹ̀; àwọn kan ń ṣe é dáadáa, àwọn mìíràn kò sì náání rẹ̀. Láti oṣù October 1949, àkóso oko wàrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tí ó ń ṣe ìtọ́jú iṣẹ́ àgbẹ̀, kí òfin kan náà lè wà fún gbogbo oko. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ ta wàrà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Bí ilé màlúù rẹ̀ kò bá mọ́, tàbí kò ní omi tí ó dára, a lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ sí iwájú àwọn adájọ́ tí a yàn fún ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin mìíràn ní ọdún kan náà fún ìjọba ní agbára láti pàṣẹ, láti àgbègbè dé àgbègbè, pé a kò gbọdọ̀ ta wàrà kan fún ará ìlú bí kò ṣe èyí tí a ti mú gbóná gẹ́gẹ́ bí ìlànà, tàbí èyí tí ó ti ara màlúù tí a ti yẹ̀ wò wá. Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni a nà án dé gbogbo ilẹ̀ náà. A ń dúró dé ìgbà tí ẹ̀rọ bá pọ̀ tó ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan.

4. IṢẸ́ WOLÉ-WOLÉ

Nínú ìlú, iṣẹ́ náà kù sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú tí àwa ń pè ní wolé-wolé. Ní àkókò náà, wọn kì í ránṣẹ́ síwájú pé àwọn ń bọ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí onímílíìkì bá ń gbé ìgò wàrà láti ilé dé ilé, wolé-wolé lè dá a dúró kí ó sì ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyèsí bí a ti ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni òdodo wà.

A ó pín wàrà tí ó rà sí ọ̀nà mẹ́ta, a ó sì fi èdìdì di ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan di ti ẹni tí ó ń ta wàrà, kí òun náà lè mú un lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ tí ìlú yàn fún àyẹ̀wò oúnjẹ. Ẹ̀kẹta ni wolé-wolé ń tọ́jú pamọ́, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ẹjọ́. Nípa báyìí, ẹnìkan kò lè sọ pé a fi nǹkan sínú wàrà òun lẹ́yìn òun.

Onímọ̀ náà a kọ́kọ́ wò ó bóyá wàrà náà jẹ́ àbùlà. Ní 1901 ni òfin wí pé bí ọ̀rá inú wàrà bá dín ní 3 nínú 100, ẹni tí ó tà á ni yóò fi hàn pé òun kò bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n màlúù mìíràn wà tí wàrà rẹ̀ kò ní ọ̀rá púpọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Báwo ni a ó ti ṣe mọ olè yàtọ̀ sí aláìṣẹ̀? Ọ̀nà méjì ni. Ọ̀nà kan ni pé kí a lọ sí oko náà, kí a fún wàrà màlúù kan náà lójú ẹlẹ́rìí, kí a sì fi í wé èyí tí a rà. Èyíinì ni pé a ó bi màlúù fúnra rẹ̀ léèrè. Ọ̀nà kejì ni pé kí a mú wàrà náà tutù títí yóò fi dì. Wàrà tí kò ní omi nínú máa ń dì ní ìwọ̀n òtútù kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Bí a bá ti bu omi là á, yóò tètè dì ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí omi lásán. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí ó mú olè náà ni ó ń dá aláìṣẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí a ó wá àwọn kòkòrò. Àwa Yorùbá mọ aró dáadáa. Aró ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà. A ó da ẹ̀kán aró búlúù kan, tí a ń pè ní methylene blue, sínú wàrà nínú ìgò kékeré, a ó sì fi ìgò náà sínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Bí kòkòrò bá pọ̀ nínú wàrà náà, aró yóò parẹ́, wàrà yóò sì tún funfun. Bí aró inú wàrà tí a ti mú gbóná bá parẹ́ kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, wàrà náà kò yege.

Àyẹ̀wò kan kù, èyí tí H. D. Kay àti W. R. Graham ṣe àwárí rẹ̀ ní Reading láàrín 1933 sí 1935. Ohun kan wà nínú gbogbo wàrà tútù tí ó fi díẹ̀ le ju kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ nínú iná. A ń pè é ní phosphatase. Bí iná bá ti pa ohun yìí, ó dájú pé ó ti pa kòkòrò náà pẹ̀lú. Bí ó bá ṣì wà, a mọ̀ pé iná kò tó, tàbí pé a ti da wàrà tútù pọ̀ mọ́ èyí tí a ti mú gbóná. Kò sí bí ẹni tí ń ta wàrà ti lè búra tó tí yóò borí ẹ̀rí yìí.

5. Ọ̀RỌ̀ OÚNJẸ MÌÍRÀN

Kì í ṣe wàrà nìkan ni. Ní 1946, ibà jẹ̀funjẹ̀fun tún bẹ́ sílẹ̀ ní Aberystwyth, ní ilẹ̀ Wales, láti inú áísìkiriìmù. Ẹni tí ó ń ṣe é kò ṣàìsàn mọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn náà ṣì wà nínú ara rẹ̀. Nítorí náà ara líle kò tó láti fi mọ ẹni tí kò lè ko àrùn ran ẹlòmíràn. Ní 1947, ìjọba pàṣẹ pé a gbọdọ̀ mú àpòpọ̀ áísìkiriìmù gbóná kí a tó mú un dì.

Àwọn òfin ìmọ́tótó oúnjẹ tí a ṣe ní 1955 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1956. Wọ́n pàṣẹ pé kí omi gbígbóná, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì èékánná àti aṣọ ìnuwọ́ tí ó mọ́ wà níbi tí a ti ń ṣe oúnjẹ fún títà; kí ẹni tí ó ní egbò lọ́wọ́ dì í kí omi má lè wọ̀ ọ́; kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu tábà tàbí tutọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Wolé-wolé ni ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ láti rí i pé a ń pa òfin náà mọ́.

6. BÍ A TI MÚ ÀRÙN KÚRÒ LÁRA MÀLÚÙ

Gbígbóná wàrà dára, ṣùgbọ́n ó tún sàn kí màlúù fúnra rẹ̀ má ní àrùn. A ó fi abẹ́rẹ́ gún màlúù ní ọrùn, a ó fi oògùn tí a ń pè ní tuberculin sínú awọ rẹ̀, a ó sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá wú kọjá ìwọ̀n, màlúù náà ti kó àrùn.

Ẹ wo bí ìjọba ti mú kí àgbẹ̀ gbà. Láti 1935, àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ lè jẹ́ kí a yẹ agbo ẹran rẹ̀ wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, wàrà rẹ̀ ń gba owó lé owó. Láti 1950, ìjọba ń mú àgbègbè lọ́kọ̀ọ̀kan: a ń pa gbogbo màlúù tí ó bá ní àrùn, ìjọba sì ń san owó fún ẹni tí ó ni wọ́n. Ní 1960, ọdún kan náà tí Nàìjíríà gba òmìnira, iṣẹ́ náà ti kárí gbogbo ilẹ̀ náà. Àrùn náà ti tún padà sára màlúù ní àwọn apá ibì kan láti nǹkan bí 1980 síwájú, a sì ń bá a jà títí di òní. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wàrà ni a ń mú gbóná, kì í pa àwọn ọmọdé bí ti àtijọ́.

7. OHUN TÍ Ó KAN ÀGBẸ̀ KÓKÓ

Kókó wa àti wàrà wọn máa ń pàdé nínú ìkòkò kan náà, nítorí méjèèjì ni a fi ń ṣe ṣokoléètì oníwàrà. Bí kókó bá ti bu, ẹ̀rọ tàbí ṣúgà kò lè mú ìtọ́wò rẹ̀ kúrò. Nítorí náà ni ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ra kókó ṣe wí pé kí a la èso 300, kí èyí tí ó bu nínú kókó ipò kìíní má sì ju 3 lọ nínú 100. Nígbà tí a sì tú àwọn ìgbìmọ̀ ìtajà ká ní Nàìjíríà ní 1986, tí àyẹ̀wò dẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó kókó tí kò gbẹ lọ sí òkè òkun, orúkọ kókó wa sì bàjẹ́ fún ìgbà kan. Àgbẹ̀ olóòótọ́ ni ó jìyà rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́tàn.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn:

(i) Ojú lásán kò tó. Wàrà funfun lè ní ikú nínú. Èso kókó tí ó dán lẹ́yìn lè ti bu nínú. Ẹ la tiyín wò nílé kí ẹlòmíràn tó là á fún yín.

(ii) Ìdọ̀tí oko kan ń ba ti gbogbo oko jẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bournemouth lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìkókósí níbi tí a ti ń da àpò ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pọ̀.

(iii) Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò òdodo. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín, kí a sọ àbùkù rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì lè rí ibi pe ẹjọ́ sí. Àyẹ̀wò tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kò yẹ ní fífara mọ́.

(iv) Kí ẹni tí ń ra ọjà san owó fún ìmọ́tótó. Àgbẹ̀ Ìlú Ọba fara mọ́ abẹ́rẹ́ nígbà tí wàrà tí ó mọ́ gba owó lé owó, tí ìjọba sì san owó màlúù tí a pa.

(v) Ẹ má ṣe pẹ́. Láti 1911 tí a ti mọ òtítọ́ nípa wàrà títí di 1949 tí òfin tí ó lágbára dé, ọdún 38 ni. Ẹ mú ọdún wọ̀nyí, kí ẹ rántí iye ọmọ tí ń kú lọ́dọọdún, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ fúnra yín.